Orúkọ Tí Kọ̀ǹpútà Fi Ń Mọ Ọmọ

Àwọn àgbà ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Ọ̀rọ̀ yìí kan kọ̀ǹpútà náà.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ wa lọ sí Ìbẹ̀ṣẹ̀, létí ọ̀sà, nítòsí Ìkòròdú. Ká ní a kó ọ̀rọ̀ àwọn apẹja ibẹ̀ jọ sínú àtẹ kan ṣoṣo nínú kọ̀ǹpútà. Òpó kan nínú àtẹ náà ń sọ fún wa pé “àwọ̀n” jẹ́ “ọ̀rọ̀-orúkọ”, “tukọ̀” sì jẹ́ “ọ̀rọ̀-ìṣe”. A wá fẹ́ fi Rails, irinṣẹ́ tí David Heinemeier Hansson gbé jáde ní 2004, gbé àkójọ náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Nínú Rails, ẹ̀yà ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ kíláàsì ọmọ lábẹ́ kíláàsì ìyá kan. Nínú òpó tí ó ń jẹ́ type, orúkọ kíláàsì gan-an ni Rails ń retí, bí OroIse. Ṣùgbọ́n Ruby, èdè tí a fi kọ Rails, kò gba àmì ìsopọ̀ nínú orúkọ kíláàsì. Nítorí náà, bí Rails bá ka “ọ̀rọ̀-ìṣe”, kò ní rí kíláàsì tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, yóò sì dá iṣẹ́ dúró.

Ṣé kí a wá pa orúkọ Yorùbá rẹ́ ni? Rárá o. Nǹkan méjì ni a ó tún kọ. Èkínní ni sti_class_for, tí ń gba orúkọ inú àtẹ, tí ó sì ń fi kíláàsì tó yẹ dáhùn. Èkejì ni sti_name, tí ń sọ orúkọ tí kíláàsì ọmọ yóò kọ sínú àtẹ. Òun kan náà ni Rails fi ń wá ẹ̀yà kan ṣoṣo jáde.

Ibi tí ewu wà nìyí. Bí a bá ṣe èkínní tí a gbàgbé èkejì, gbogbo ọ̀rọ̀ yóò jáde bí a bá béèrè gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá béèrè ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan, “tukọ̀” kò ní jáde, nítorí OroIse ni Rails ń wá. Kọ̀ǹpútà kò sì ní ké. Akẹ́kọ̀ọ́ á kàn rò pé apẹja Ìbẹ̀ṣẹ̀ kò ní ọ̀rọ̀-ìṣe ni.

Àmì ohùn náà ń fẹ́ àkíyèsí. Ọ̀nà tí a lè gbà fi “ọ̀” pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà ju ẹyọ kan lọ, bí wọ́n tilẹ̀ jọra lójú. Ẹ fi ìlànà NFC ti Unicode sọ wọ́n di ọ̀kan kí ẹ tó fi wọ́n wéra.

Kò yẹ kí èdè wa pa orúkọ dà nítorí irinṣẹ́. Irinṣẹ́ ni kí a kọ́ ní orúkọ tí àwa ń lò.