Ẹsẹ̀ Iwájú Ọkọ̀ Tó Ń Dún

Toyota Corolla ọdún 2005 kan ló wọ ọgbà àwọn mẹkáníìkì kan, n'Ìbàdàn, láàárọ̀ Sátidé. Obìnrin olùkọ́ kan ló ni ín. Bó bá ti gun bọ́m̀pù, tàbí tí táyà bọ́ sí kòtò, ẹsẹ̀ iwájú lápá ọ̀tún á máa ró kọ̀-kọ̀-kọ̀. Mẹkáníìkì tó kọ́kọ́ gbé e lọ bá kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ tó fi ní ṣọ́ọ̀kì méjèèjì ti kú, kó lọ wá owó wá. Ọ̀gá tó gbà á lónìí ò tíì dárúkọ owó kankan. "Ẹ fara balẹ̀, mà. Ẹ jẹ́ ká wò ó ná."

Ó yí ọkọ̀ náà ká, ó sì fọwọ́ ra ojú táyà iwájú láti inú bọ́ síta. Táyà tó bá jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo, aláìnmẹ́ńtì ló sábà máa ń fà á. Èyí tó bá jẹ ní kòtò-kòtò yí po, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ṣọ́ọ̀kì ò lè di táyà mọ́lẹ̀ mọ́. Ti Corolla yìí jẹ dọ́gba. Ó fi gbogbo agbára tẹ imú ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ó jù ú sílẹ̀. Ọkọ̀ dìde lẹ́ẹ̀kan, ó dúró jẹ́ẹ́. Ọ̀pọ̀ ìdájọ́ ló máa ń parí síbẹ̀, èyí ò sì dáa tó, torí ṣọ́ọ̀kì tó ti rẹ̀ lè yege níbí kó má lè ṣe nǹkan kan lójú ọ̀nà márosẹ̀.

Wọ́n jáàkì rẹ̀. Ọmọṣẹ́ ti irin ìdúró sábẹ́ ṣáásì kí ọ̀gá tó sún mọ́ ọn. Inú mi dùn sí ìyẹn gan-an, nítorí jáàkì nìkan kọ́ lèèyàn ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, ó mì ín. Bó bá mì báyìí, bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì tàbí béárínì táyà ni ká fura sí. Bí a bá fẹ́ mọ èwo nínú méjèèjì, kí ẹnì kan wọlé tẹ búréèkì kí a tún mì ín: bí ìmìtìtì náà bá dáwọ́ dúró, béárínì ni. Lẹ́yìn náà ló mú un lọ́tùn-ún lósì, níbi tí taì-rọ́ọ̀dù àti ráákì sítíárìn ti máa ń fi ara hàn. Kò sí èyí tó mì.

Ìgbà tí wọ́n tú táyà ni mo tó rí bí nǹkan ṣe tò. Ṣọ́ọ̀kì dúró ṣánṣán, sípíríǹgì yí i po. Nọ́ọ̀tì mẹ́ta de orí rẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀, bọ́ọ̀tì méjì sì de ìdí rẹ̀ mọ́ irin tó gbé táyà. Earle MacPherson, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà, ló sọ ètò yìí di ohun tí gbogbo ayé ń lò, nígbà tó wà ní ilé iṣẹ́ Ford. Ford Consul tí wọ́n pàtẹ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1950 wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lò ó. Ààmù òkè tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń lò tẹ́lẹ̀ ló yọ kúrò, tó fi ṣọ́ọ̀kì dípò rẹ̀.

Sípíríǹgì ló gbé ìwúwo ọkọ̀. Bí òun nìkan bá wà, ọkọ̀ á máa fò lọ fò bọ̀ lẹ́yìn kòtò kọ̀ọ̀kan. Ṣọ́ọ̀kì ló ń tù ú lójú: epo wà nínú rẹ̀, písítìnì sì ń fipá ti epo yẹn gba ihò tín-ín-rín, títí agbára ìfòsókè yẹn á fi di ooru.

Nísàlẹ̀, ààmù na láti ṣáásì dé ìdí táyà. Búṣì rọ́bà méjì mú un nínú, bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì mú un níta, orí rẹ̀ róbótó ń yí nínú ihò bí orí eegun itan ṣe ń yí nínú ìbàdí. Nínú gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, èyí ni mi ò lè fojú kéré. Ṣọ́ọ̀kì tó bá kú á máa jù ọ́ sókè lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì tó bá já lórí eré, táyà á wó síta, sítíárìn ò sì ní gbọ́ tìrẹ mọ́. Ọ̀gá tẹ rọ́bà rẹ̀ yí ká. Kò ya, gíríìsì ò jáde.

Ó wá ki ọ̀pá irin sáàárín ààmù àti ṣáásì, ó fi wọ́ ọn. Búṣì ńlá tẹ̀yìn là gbàgà, rọ́bà rẹ̀ ti ya kúrò lára irin. Ẹ̀bi kan nìyí, ṣùgbọ́n ariwo náà le gan-an, kò lè jẹ́ ti búṣì nìkan. Ló bá ní kí wọ́n dá táyà padà, kí wọ́n sọ ọkọ̀ kalẹ̀.

Líńkéèjì ló ń wá, irin kékeré tó so ṣọ́ọ̀kì mọ́ ọ̀pá tó gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá láti ọ̀tún dé òsì, èyí tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ fẹ̀gbẹ́ kan tẹ̀ jù ní kọ́nà. Bí a bá jáàkì ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, ọ̀pá yẹn á lọ́, á fún líńkéèjì pinpin, àlàfo inú rẹ̀ ò sì ní hàn. Àfi kí táyà méjèèjì jọ wà nílẹ̀, tàbí kí méjèèjì jọ rọ̀. Ó nawọ́ gba ẹ̀yìn táyà, ó mi líńkéèjì ọ̀tún: kọ̀-kọ̀-kọ̀. Olùkọ́ fò dìde lórí bẹ́ǹṣì. "Ariwo yẹn gan-an nìyẹn!"

Wọ́n rán ọmọṣẹ́ lọ sí ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ ní Gate, kó lọ ra líńkéèjì méjì àti búṣì, tuntun. Irin tòkunbọ̀ ò burú. Rọ́bà tòkunbọ̀ ni mi ò gbà fún ẹnikẹ́ni, torí rọ́bà ń gbó bí ọkọ̀ ò tiẹ̀ rìn. Nígbà tí wọ́n ń dá ààmù padà, ọ̀gá ò fún bọ́ọ̀tì búṣì pa títí ọkọ̀ fi dúró lórí táyà. Bí wọ́n bá fún un pa lókè, ọkọ̀ á lọ́ rọ́bà náà bó bá ti balẹ̀, kò sì ní pẹ́ ya.

Ṣọ́ọ̀kì ọ̀tún ti làágùn epo díẹ̀ lọ́rùn, ó fi han obìnrin náà. Kò tíì tó pààrọ̀. Ó ní kó kọ́kọ́ lọ ṣe aláìnmẹ́ńtì, kó sì padà wá lóṣù tó ń bọ̀ kí àwọn tún un wò. Bí epo bá ti ń ṣàn dé ìdí, àwọn á pààrọ̀ tọ̀tún tòsì pọ̀.