Ìdúpẹ́ ìparí ọdún nínú ẹbí: ohun tí ó ń ṣe fún ara àti ọkàn

Ní alẹ́ ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Disẹ́ńbà, kí ọ̀pọ̀ ènìyàn nílẹ̀ Yorùbá tó gba ilé ìjọsìn lọ fún àìsùn ọdún, àwọn ìdílé kan wà tí wọn kì í jáde láìkọ́kọ́ jókòó. Baba àgbà tàbí ìyá àgbà yóò wà láàárín, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ yóò yí i ká, ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò sì sọ ohun tí ó fi ń dúpẹ́ nínú ọdún tí ó ń kógbá sílé. Ọ̀kan lè dúpẹ́ pé òun yege nínú ìdánwò, òmíràn pé òun sọ̀kalẹ̀ láyọ̀, ẹlòmíràn pé ọkọ̀ tí òun wọ̀ gbókìtì ṣùgbọ́n òun jáde láàyè. Lẹ́yìn èyí ni àgbà ilé yóò gbàdúrà, tí oúnjẹ yóò sì tẹ̀lé e.

Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ jẹ́rìí pé irú ìdúpẹ́ báyìí kò ṣàjèjì sí wa. Ẹni tí a ṣe lóore lánàá kì í pàdé olóore rẹ̀ lónìí kí ó má sọ pé "ẹ ṣé àná", bí ó tilẹ̀ ti dúpẹ́ lójú ẹsẹ̀ nígbà náà. Àwọn àgbà sì ní ọmọ tí ó bá dúpẹ́ oore àná yóò rí òmíràn gbà. Bí ọdún bá dé, "ẹ kú ọdún" nìkan kò tó, a máa ń fi "ẹ kú ìyèdún" tì í. Ọ̀rọ̀ kejì yìí yẹ ní àkíyèsí, nítorí pé "yè" ni ó wà nínú rẹ̀: ẹni tí a ń kí ti yè, ikú kò mú un lọ nínú ọdún náà. Ìkíni ìlera ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ ọ́ láìronú sí i.

Kí kàlẹ́ńdà òyìnbó tó dé, ìgbà iṣu tuntun ni ọ̀pọ̀ ìlú, pàápàá ní Èkìtì, fi ń ṣe ìdúpẹ́ ọdún. A kò gbọdọ̀ fẹnu kan iṣu náà kí a tó dúpẹ́ lórí rẹ̀. Ní ti àìsùn ọdún, àwọn ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti ń ṣe é nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọ̀rúndún kejìdínlógún, ajíhìnrere wọn, Thomas Birch Freeman, sì gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ọdún 1842. Àwọn Mùsùlùmí ní kàlẹ́ńdà tiwọn, àmọ́ nínú ìdílé tí ẹ̀sìn méjèèjì ti pàdé, ó wọ́pọ̀ kí "alhamdulilahi" àti "àmín" jọ dún nínú yàrá kan náà ní alẹ́ ọjọ́ yìí.

Láti bí ogún ọdún sẹ́yìn ni àwọn onímọ̀ ìlera ti ń wò ó bóyá ọpẹ́ dídá ń ṣe ara lóore ní tòótọ́. Ní ọdún 2003, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá méjì ní Amẹ́ríkà, Robert Emmons àti Michael McCullough, tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde. Wọ́n pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn kan ń kọ ohun tí wọ́n fi ń dúpẹ́ sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àwọn kan ń kọ ohun tí ó ń bí wọn nínú, àwọn yòókù sì ń kọ ohun yòówù tí ó ṣẹlẹ̀ sí wọn. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, àwọn tí ń kọ ọpẹ́ ròyìn pé ìrora ara wọn dínkù, wọ́n sì ń ṣe eré ìdárayá ju àwọn tí ń kọ ìbínú lọ. Nínú apá mìíràn ìwádìí náà, àwọn tí àìsàn iṣan àti iṣan-ọpọlọ ń bá fínra ṣe ohun kan náà fún ọjọ́ mọ́kànlélógún, wọ́n sì ní oorun àwọn dára sí i.

Ọ̀rọ̀ oorun yìí kì í ṣe kékeré. Ní ọdún 2009, àwọn olùwádìí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wo ènìyàn 401, tí púpọ̀ nínú wọn kì í rí oorun sùn dáadáa. Wọ́n rí i pé ẹni tí ó mọ ọpẹ́ dá máa ń sùn ju ẹlòmíràn lọ, nítorí pé èrò tí ó ń wá sí i lọ́kàn bí ó bá ti fi orí lé ìrọ̀rí kì í ṣe ti ìbẹ̀rù. Ẹni tí ń ro gbèsè àti ìjà ẹbí lórí ibùsùn, ara rẹ̀ wà lójúfò bí ẹni pé ọ̀tá wà lẹ́nu ọ̀nà: ọkàn rẹ̀ ń lù kìkì, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru sókè, oorun sì ń sá. Àìsùn tí ó ń wáyé lemọ́lemọ́ sì wà lára ohun tí ń dá kún ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ìwádìí tí ó tóbi ju ìwọ̀nyí lọ jáde ní ọdún 2024 nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA Psychiatry. Àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Harvard wo àwọn obìnrin nọ́ọ̀sì 49,275 ní Amẹ́ríkà, tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ bí ọdún 79. Láàárín ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, iye àwọn tí ó kú láàárín àwọn tí ọpẹ́ wọn pọ̀ jù lọ fi ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tí ọpẹ́ wọn kéré jù lọ. A kò lè fi èyí sọ pé ọpẹ́ ni ó dá ikú dúró. Ẹni tí ara rẹ̀ le lè rọrùn láti dúpẹ́ ju ẹni tí àìsàn ń jẹ níyà lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn olùwádìí náà gbìyànjú láti yọ ìyàtọ̀ yìí kúrò nínú ìṣirò wọn.

Ibi tí ó yẹ kí àwọn olórí ẹbí ti ṣọ́ra ni ti ẹni tí ọdún kò ṣẹnuure fún. Ẹ wo ilé tí ìyá ti kú ní oṣù Òkúdù, tàbí ti aya tí oyún bàjẹ́ lára rẹ̀, tàbí ti ọ̀dọ́mọkùnrin tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Bí ìdúpẹ́ bá yí dé ọ̀dọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ tí a sì ń fi agbára mú un pé kí ó rẹ́rìn-ín, kí ó sọ̀rọ̀, ó lè padà sí yàrá rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù tí ó wúwo ju èyí tí ó gbé wọlé lọ. "Ẹni tí kò kú, kí ló ń sunkún fún?" jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a máa ń sọ pẹ̀lú èrò rere, ṣùgbọ́n kì í tu aláìsàn ọkàn nínú. Ní ọdún 2021, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio kó ìwádìí 27 jọ, tí ènìyàn 3,675 kópa nínú wọn, wọ́n sì rí i pé ohun tí ìdúpẹ́ nìkan lè ṣe fún ìsoríkọ́ àti àníyàn kéré. Ìtọ́jú ni ẹni bẹ́ẹ̀ nílò. Àwọn oníṣègùn a máa sọ pé bí ìbànújẹ́ tàbí àìnífẹ̀ẹ́ sí ohunkóhun bá gba ọ̀pọ̀ wákàtí òòjọ́, lójoojúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí a mú ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn. Ilé tí ó bá gbọ́n yóò fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ láàyè láti dákẹ́, tàbí láti sọ pé ọdún náà ni òun lára.

Àǹfààní kan wà tí ọ̀pọ̀ ìdílé kò tíì lò nínú ìjókòó yìí. Ọjọ́ kan ṣoṣo láàárín ọdún ni ó lè jẹ́ tí gbogbo ọmọ ìyá yóò pé sójú kan. Bí ẹ̀gbọ́n bá dúpẹ́ pé òun bọ́ lọ́wọ́ àrùn rọpárọsẹ̀, àwọn àbúrò rẹ̀ ti gbọ́ ohun tí ó yẹ kí dókítà wọn mọ̀: ẹ̀jẹ̀ ríru lè wà nínú ẹbí. Bákan náà ni ti àtọ̀gbẹ, ti jẹjẹrẹ ọmú àti ti jẹjẹrẹ ẹṣẹ́ tí ń wà lábẹ́ àpòòtọ̀ ọkùnrin, nítorí ewu wọn ń pọ̀ sí i fún ẹni tí ìbátan rẹ̀ tímọ́tímọ́ bá ti ní wọn rí. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń múra ìgbéyàwó náà lè béèrè irúfẹ́ ẹ̀jẹ̀ ara wọn níbẹ̀, bóyá AA ni tàbí AS. Àṣà wa a máa bo àìsàn mọ́lẹ̀ nítorí ìtìjú. Ìdúpẹ́ ni ilẹ̀kùn tí a lè gbà tú u síta láìtẹ́ ẹnikẹ́ni.

Oúnjẹ tí ó ń tẹ̀lé ìdúpẹ́ kò gbọdọ̀ ba iṣẹ́ náà jẹ́. Gíráàmù iyọ̀ márùn-ún, bíi ṣíbí tíì kan, ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbà má ṣe kọjá lójúmọ́, àwọn èlò oníkúúbù tí a ń fi sínú ìrẹsì àti ọbẹ̀ sì ní iyọ̀ nínú. Àwọn tí ó bá wá láti ọ̀nà jíjìn a máa gbàgbé oògùn wọn sílé. Kí ọmọ tí ó ń ṣètò ìjókòó náà pe bàbá tàbí ìyá ṣáájú ìrìn àjò, kí ó bi wọ́n bóyá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú báàgì, kí ó sì ri pé wọ́n lò ó ní àkókò tí wọ́n ń lò ó tẹ́lẹ̀, àìsùn ọdún ìbáà wà.