Bí Òkúta Ìpọ́nbẹ Ṣe Di Bẹ́líìtì

Kí irin tó lè mú, ohun tó le jù ú lọ gbọ́dọ̀ fá díẹ̀ kúrò lójú rẹ̀. Ìlànà yìí kò tíì yí padà, àmọ́ ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, bẹ́líìtì aṣọ ti gba ipò òkúta: a fi gọ́ọ̀mù lẹ kóró líle mọ́ ọn lójú, mọ́tò iná mànàmáná sì ń yí i lórí àgbá kéékèèké méjì tàbí mẹ́ta.

Ní Sheffield, ìlú àwọn arọ̀bẹ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òkúta yanrìn ńlá ni wọ́n fi ń pọ́n irin. Agbára odò ló kọ́kọ́ ń yí i, kí ẹ̀rọ olóoru omi tó dé. Òkúta náà ní silica nínú, èròjà tó jẹ́ pé bí eruku rẹ̀ bá ń wọ ẹ̀dọ̀fóró fún ìgbà pípẹ́, ẹ̀dọ̀fóró yóò le gbagidi, èémí yóò sì di ìṣòro. Dókítà Arnold Knight, tó kọ̀wé nípa àìsàn yìí ní 1830, sọ pé àwọn tó ń pọ́n irin láìlo omi kì í sábà kọjá ọmọ ọdún 35, pé àwọn tó sì ń lo omi kì í sábà kọjá 45. Nítorí náà, kì í ṣe ìmẹ́lẹ́ ni kéèyàn fi irú òkúta bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Ṣèèṣì ni wọ́n fi rí ọ̀kan lára àwọn kóró tó rọ́pò rẹ̀. Ní 1891, ní Monongahela ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, Edward Acheson fẹ́ fi ọwọ́ ṣẹ̀dá dáyámọ́ńdì. Ó fi iná mànàmáná yan amọ̀ pọ̀ mọ́ èédú tí a lọ̀ kúná, silicon carbide ló sì bá níbẹ̀, àwọn kóró dídán tó le débi pé wọ́n ń ha gíláàsì. Àwọn tó dá ilé iṣẹ́ 3M sílẹ̀ ní Minnesota ní 1902 náà ṣìnà bákan náà: corundum, òkúta líle tí a fi ń lọ irin, ni wọ́n fẹ́ wà, òkúta tí kò wúlò fún iṣẹ́ náà ni wọ́n bá nílẹ̀. Ni wọ́n bá yíjú sí sánpépà, nǹkan kò sì ṣẹnuure títí wọ́n fi gbé aṣọ kan jáde ní 1914, tí a lẹ aluminium oxide mọ́ fún iṣẹ́ irin. Bébà a máa ya, ṣùgbọ́n aṣọ lágbára, ohun tí bẹ́líìtì sì nílò nìyẹn.

Òkúta yíyí a máa gbẹ́ irin wọnú, ṣùgbọ́n bẹ́líìtì a máa tẹ̀ níbi tí kò ti ní àtìlẹ́yìn, ẹ̀yìn ojú irin yóò sì wú díẹ̀, yóò nípọn tó láti gégi láìká. Ìdí nìyí tó fi bá àdá àti àáké mu dáadáa. Ooru ni ọ̀tá iṣẹ́ yìí. Irin tí a ti rì bọmi kó lè le, tí a sì tún rọra yáná kó má baà ṣẹ́, yóò rọ̀ bí ó bá gbóná ju ti yíyáná yẹn lọ; bí ojú ọ̀bẹ lásán bá ti di búlúù, ní nǹkan bí ìwọ̀n 300 Celsius, mímú rẹ̀ kò ní pẹ́ mọ́.

Nítorí náà, kí ẹni tó bá ń lo bẹ́líìtì máa ti irin bọ omi lóòrèkóòrè, kí ojú mímú má kọjú sí ibi tí bẹ́líìtì ti ń bọ̀, kó wọ ìbòmú, kó sì kọ́kọ́ gbá ìyẹ̀fun pákó kúrò lára ẹ̀rọ tó ti fi họ igi tẹ́lẹ̀, torí ẹta iná láti ara irin lè ràn án.