Ìrìn-àjò àti Iṣẹ́ Ọnà: Àpẹẹrẹ Susanne Wenger ní Òṣogbo

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n bí àjò bá di ilé ńkọ́? Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ohun tuntun tí ojú oníṣẹ́ ọnà bá rí lájò ni ó ń kó wá sínú iṣẹ́ rẹ̀. Ìtàn Susanne Wenger, tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìlú Graz ní orílẹ̀-èdè Austria ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1915. Ó ti kọ́ṣẹ́ ọnà ní Vienna, ó sì ti di ayàwòrán, kí òun àti Ulli Beier, ọkọ rẹ̀, tó dé Nàìjíríà ní ọdún 1950. Ní Ẹdẹ, ó pàdé Ajagẹmọ, olórí àwọn olùsìn Ọbàtálá, ẹni tó mú un wọ inú ìsìn náà. Ayàwòrán tó ti mọṣẹ́ tún di akẹ́kọ̀ọ́.

Ọwọ́ rẹ̀ náà tún kọ́ṣẹ́. Ó kọ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ, iṣẹ́ tí àwọn obìnrin wa ń fi láfún sísè ṣe ọnà sára aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ibi tí láfún bá bò, aró kì í mu ún. Ọgbọ́n yìí ni ó fi ya ìtàn àwọn òrìṣà sára aṣọ ńláńlá.

Nígbà tí iṣẹ́ kan igbó Ọ̀ṣun, tí ojúbọ ibẹ̀ ti ń wó, òun nìkan kọ́ ló ṣe é. Adébísí Àkànjí, tó jẹ́ bíríkìlà, fi sìmẹ́ńtì mọ ère; Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí gbẹ́ òkúta; Kàsálì Àkàngbé gbẹ́ igi. Ẹni tó bá dárúkọ Àdùnní tí kò dárúkọ wọn kò sọ ìtàn náà tán.

Àwọn kan lè sọ pé àwọn ère gàgàrà wọ̀nyí kò jọ ti àwọn baba wa. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọn kò jọ ti Vienna náà. Ìpàdé ọwọ́ àlejò àti ọwọ́ onílé ló bí wọn.

Ní ọdún 1965, ìjọba sọ apá kan igbó náà di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní 2005, UNESCO kà á mọ́ Ogún Àgbáyé. Òṣogbo ni Àdùnní wà títí ó fi papò dà ní ọdún 2009. Nítorí náà, kì í ṣe ibi tí oníṣẹ́ ọnà rìn dé ló ń sọ iṣẹ́ rẹ̀ dọ̀tun, bí kò ṣe bí ó ti gbà kí àwọn onílé kọ́ òun tó.