Kì Í Ṣe Ọ̀lẹ Ni Wá: Ìdí Tí Iṣẹ́ Àtinúdá Wa Kì Í Fi Parí

Orin kan wà nínú fóònù tí kò ní ègbè. Ìwé ìtàn kan dúró sí orí kẹta. Ta ni kò ní irú ẹ̀? Ní Akute níbí, èmi ń gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, kí n lè kọ bí àdúgbò yìí ṣe rí kí ilé tó gba oko. Irú iṣẹ́ yìí ò ṣeé fi falẹ̀, torí àwọn tó mọ ìtàn náà ń darúgbó.

Àwọn kan á ní ọ̀lẹ ló ń jẹ́ ká máa fòní dónìí, fọ̀la dọ́la. Lọ́dún 2013, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá méjì, Fuschia Sirois àti Timothy Pychyl, ṣàlàyé ẹ̀ lọ́nà míì. Tá a bá ronú kan iṣẹ́ náà, ẹ̀rù á máa bà wá pé kò ní dáa tó, tàbí kó ti sú wa. Tá a bá sún un síwájú, ara á tù wá lójú ẹsẹ̀. Ìtura yẹn ló ń mú ká tún sún un lọ́la. Kí wá ni ṣíṣe?

Ọ̀nà kan ni gbèdéke. Ìdíje ìwé kíkọ ọdún 1936 ni D.O. Fágúnwà kọ *Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀* fún. Ìwé náà jáde ní 1938. Ní 2002, Dan Ariely àti Klaus Wertenbroch gbé ìwé mẹ́ta fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti wá àṣìṣe inú ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn tó gbọ́dọ̀ fi ọ̀kan sílẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló rí àṣìṣe jù. Àwọn tó ní ọjọ́ ìparí nìkan ló kẹ́yìn. Torí náà, ẹ pín iṣẹ́ yín sí wẹ́wẹ́, kí ẹlòmíì sì máa béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ yín.

Ọ̀nà kejì: ẹ kọ́kọ́ ṣe é wúruwùru. Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta, ń ṣiṣẹ́ mẹ́sẹ́ńjà l'Ékòó nígbà tó fi ọjọ́ díẹ̀ kọ ẹ̀dà àkọ́kọ́ *The Palm-Wine Drinkard*. Lẹ́yìn náà ló wá fi bí oṣù mẹ́ta fẹ̀ ẹ́. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní London ní 1952. Ẹ̀rù ohun tó wà nílẹ̀ tá a fẹ́ tún ṣe kì í pọ̀ tó ti ojú ìwé òfìfo.

Ẹ̀kẹta ni ti Peter Gollwitzer, ọmọ ilẹ̀ Jámánì: "Tí báyìí bá ṣẹlẹ̀, màá ṣe báyìí." Ní 2006, òun àti Paschal Sheeran kó àyẹ̀wò 94 jọ, wọ́n sì rí i pé irú ìpinnu yìí máa ń ranni lọ́wọ́ gan-an. Tèmi rèé: tí mo bá ti jókòó sínú bọ́ọ̀sì ní Berger, màá ki yíyà etí bọ etí, màá gbọ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú ohùn tí mo gbà, màá sì kọ kókó ibẹ̀ sílẹ̀ kí n tó dé Akute.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ mú iṣẹ́ kan ṣoṣo, ẹ sọ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa fi apá kékeré kan han ọ̀rẹ́ yín. Kó tó di pé ilẹ̀ òní ṣú, ẹ pè é.