Ṣé o mọ̀? Láti re dé re lórí gìtá

Ohùn méje tí a ń pè ní do, re, mi, fa, so, la, ti lè di orin mìíràn láìfi ohùn kankan kún un. Fi re ṣe ilé orin náà: Dorian nìyẹn. Orí rẹ̀ ni orin jazz “So What” tí Miles Davis gbà sílẹ̀ ní 1959 dúró: bar 16 lórí D, 8 lórí E♭, 8 lórí D padà. Lórí gìtá, láti D sí E♭, fret kan péré ni ọwọ́ yóò sún, ìka kò ní yí ipò padà. Bí o bá ń kọ́ ti D, jẹ́ kí okùn kẹrin, tí í ṣe D, máa dún láìtẹ̀ ẹ́. Láìsí i, etí á máa wá do kiri.