Ischaemia: Apá ló rọ, ṣùgbọ́n orí ni ọ̀rọ̀ wà

Ẹ̀kọ gbígbóná ni ẹ̀gbọ́n màmá mi ọkùnrin ń mu láàárọ̀ ọjọ́ kan lọ́dún tó kọjá. Aago méje ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni. Ṣàdédé ni síbí bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún wọn. Kí a tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ẹnu wọn ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ò sì já geere mọ́.

Kí la ṣe? Àdí la sáré gbé. À ń fi pa wọ́n lápá, à ń fi wọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Àǹtí wa kan ní ọfà ni wọ́n ta wọ́n, ló bá ń pe wòlíì lórí fóònù. Ìgbà tí a fi máa dé ọsibítù, aago méjìlá ti kọjá. Ohun tí dókítà kọ́kọ́ bi wá ni pé, "Aago mélòó ló bẹ̀rẹ̀?" A sọ fún un. Ó kàn mi orí ni. Lẹ́yìn tí wọ́n ya àwòrán orí wọn, ó kọ ọ́ sínú fáìlì pé: cerebral ischaemia.

Mo délé, mo lọ tú ọ̀rọ̀ náà wò. Cerebral wá láti inú èdè Látìn, ọpọlọ ló ń sọ. Ischaemia (ẹ pè é ní ìs-kí-mí-à) jẹ́ ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì tí wọ́n so pọ̀: ọ̀kan ni "dá dúró", èkejì ni "ẹ̀jẹ̀". Láyé àtijọ́, oògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ ojú ọgbẹ́ dúró ni àwọn Gíríìkì ń fi irú ọ̀rọ̀ yẹn pè. Rudolf Virchow, dókítà ọmọ Jámánì (1821–1902), ló sọ ọ́ di orúkọ àìsàn: ẹ̀jẹ̀ ò dé ibi tó yẹ kó dé mọ́. Òun náà ló ṣàlàyé bí ẹ̀jẹ̀ dídì ṣe lè já kúrò níbì kan, kó lọ dí iṣan níbòmíì.

Ọpọlọ ò ju nǹkan bíi 2% ìwọ̀n ara wa lọ, ṣùgbọ́n ó ń lo nǹkan bíi 20% atẹ́gùn ọ́síjìn tí ara ń lò. Kò sì ní ibi tó ń kó o pamọ́ sí. Ó dà bí ilé tí kò ní táǹkì: bí omi ẹ̀rọ bá ti dákẹ́, ó parí. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, apá ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Apá òsì ọpọlọ ló sì ń darí ọwọ́ ọ̀tún. Àwa ń wọ́ ọwọ́, orí ni ọ̀nà ti dí.

Ẹ má jẹ́ ká bú àǹtí wa o. Òyìnbó náà pè é ní "stroke", torí wọ́n gbà pé ọwọ́ Ọlọ́run ló gbá èèyàn. Àwa ń pè é ní ẹ̀gbà tàbí rọpárọsẹ̀. Irọ́ kọ́, ohun tí ojú rí ni: apá rọ, ẹsẹ̀ rọ. Ṣùgbọ́n orúkọ yẹn ò darí wa sí orí, kò sì sọ pé àsìkò ń lọ.

Oògùn kan wà tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì náà, àmọ́ láàárín wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fún èèyàn. Kì í ṣe gbogbo ọsibítù wa ló ní in, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ ká fi ìṣẹ́jú kan ṣòfò. Ẹ má sì fún un ní aspirin nílé. Nígbà míì, iṣan ló bẹ́, kì í ṣe pé ó dí; aspirin á sọ ìyẹn di ńlá. Àwòrán orí nìkan ló lè sọ èwo ni.

Ẹ ní kó rẹ́rìn-ín: ṣé ẹnu wọ́? Kó gbé ọwọ́ méjèèjì: ṣé ọ̀kan ń já bọ́? Kó sọ̀rọ̀: ṣé ó já geere? Bí ọ̀kan bá ti yàtọ̀, ẹ wo aago, ẹ wá mọ́tò. Kódà bó bá lọ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ lọ. Ìkìlọ̀ nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi ṣì wà láyé, a dúpẹ́. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń jẹun báyìí.